Ìró "I Kúkúrú" Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ Òkun

Nínú kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Ekinrin-Adde, bí ó ti rí ní Kàbà àti ní Ìyàrà, ọ̀rọ̀ méjì kan kì í pẹ́ dé ojú pátákó ìkọ̀wé: "sit" àti "seat". Olùkọ́ a fa igi sí abẹ́ fáwẹ̀lì ti àkọ́kọ́, a ní kúkúrú ni. A fa igi sí abẹ́ ti èkejì, a ní gígùn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì pè wọ́n tẹ̀ lé e. Ìró tí ó ń jáde lẹ́nu wọn ni i kan náà, i inú "igi" àti "ìlú", tí wọ́n gé kù lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì fà gùn lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí aláìgbọràn nínú wọn: ohun tí olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ṣe.

Orúkọ ni ó ṣì wọ́n lọ́nà. Fáwẹ̀lì tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní i kúkúrú, tí àwọn onímọ̀ fònẹ́tíìkì ń fi àmì ɪ kọ, kì í ṣe i tí wọ́n gé ìdí rẹ̀. Fáwẹ̀lì ọ̀tọ̀ ni, ó sì ní ibùjókòó tirẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá mọ ibùjókòó náà lè pè é kíá, ó lè pè é pẹ́, ìró náà yóò sì máa jẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè gé i kù títí, kò ní dé ibẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àgbéyẹ̀wò nínú ìmọ̀ Yorùbá, yàtọ̀ sí ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni pé inú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ìdí àṣìṣe náà wà, inú rẹ̀ náà ni ọ̀nà àbájáde wà. Ilẹ̀ Òkun sì jẹ́ ibi tí ọ̀nà náà ti kúrú ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Ní ọdún 1917 ni Daniel Jones, onímọ̀ fònẹ́tíìkì ní University College, Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwé atúmọ̀ ìpè ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, èyí tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní English Pronouncing Dictionary. Lẹ́tà kan ṣoṣo, i, ni ó lò nínú rẹ̀ fún fáwẹ̀lì "sit" àti ti "seat". Àmì ìfàgùn tí ó fi sí ẹ̀yìn ti "seat" nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ìwé. Jones mọ̀ dájú pé ipò tí ahọ́n wà nínú ọ̀kan kọ́ ni ó wà nínú èkejì, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn. Ìrọ̀rùn ni ó wá: lẹ́tà díẹ̀, àmì díẹ̀, kí ojú òǹkàwé má baà rú. Ṣùgbọ́n àmì a máa rin ìrìn-àjò tí àlàyé kì í lè bá a dé. Ìwé náà gba gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan, àwọn tí kò rí àlàyé Jones sì rí àmì rẹ̀, wọ́n sì gbà pé gígùn ni gbogbo ìyàtọ̀.

Ẹ̀dà kẹrìnlá, tí A. C. Gimson tún ṣe ní 1977, ni ó tó fi ɪ rọ́pò i nínú irú ọ̀rọ̀ bí "sit". Ọgọ́ta ọdún ti kọjá nígbà náà. Àwọn tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ òní ní iṣẹ́ ti gba ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́dọ̀ àmì àtijọ́, títí di òní ni ọ̀pọ̀ ìwé ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò ní Nàìjíríà sì ń tẹ /i/ àti /i:/ síbẹ̀.

Kí wá ni ìyàtọ̀ náà gan-an? Iṣẹ́ tí Gordon Peterson àti Harold Barney gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1952 ṣì wúlò fún ìdáhùn. Wọ́n gba ohùn àwọn ènìyàn 76 sílẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, wọ́n sì wọn àwọn fọ́máǹtì, ìyẹn àwọn ibi tí agbára ìró ti pọ̀ jù nínú fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Fọ́máǹtì àkọ́kọ́ a máa ga sí i bí ẹnu bá ṣe ń là. Èkejì a máa wálẹ̀ bí ahọ́n bá ṣe ń kúrò níwájú ẹnu. Lẹ́nu àwọn ọkùnrin, fáwẹ̀lì irú ti "seat" wà ní 270 Hz fún àkọ́kọ́ àti 2290 Hz fún èkejì. Ti "sit" wà ní 390 àti 1990. Ti "set", tí ó sún mọ́ ẹ Yorùbá, wà ní 530 àti 1840. Ẹni tí ó bá fi ojú wo àwọn iye wọ̀nyí yóò rí i pé fáwẹ̀lì "sit" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin ìdajì ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ i lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ kí ó tó dúró. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi gígé nìkan gbé i dé ibẹ̀.

Gígùn tilẹ̀ wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sẹ́ ẹ. Àmọ́ kò ṣeé gbára lé. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ńsónáǹtì tí ó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ a máa na fáwẹ̀lì tàbí kí ó sún un kì: ṣáájú t, p, k, s àti f, fáwẹ̀lì a máa kúrú, ṣáájú d, b, g, z àti v, a máa gùn. Ìyẹn ni pé fáwẹ̀lì "gígùn" inú "beat" lè má gùn ju ti "bid" tí wọ́n ní ó kúrú. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gbọ́ "beat" tí yóò rò pé "bit" ni. Ibi tí ahọ́n wà ni etí rẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Iṣẹ́ tí Yorùbá ti gbé fún gígùn

Bí orúkọ náà bá ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ́nà, ti ọmọ Yorùbá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èdè rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ mìíràn fún gígùn fáwẹ̀lì tẹ́lẹ̀. Nínú Yorùbá, fáwẹ̀lì tí ó gùn jẹ́ fáwẹ̀lì méjì tí ó jókòó ti ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Egúngún di eégún, dáradára di dáadáa: kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n pa jẹ, àwọn fáwẹ̀lì sì dúró ní àyè wọn. Sílébù mẹ́ta ni egúngún ní, mẹ́ta náà ni eégún ní. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ fa fáwẹ̀lì "seat" gùn, ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé kí ó fi sílébù kan kún un. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe.

Ẹ̀rí tí ó dáni lójú jù lọ wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ àyálò. Àwọn tí ó kọ́kọ́ mú wọn wọ inú Yorùbá kò ka ìwé Daniel Jones. Etí wọn ni wọ́n tẹ̀ lé, ohun tí etí wọn gbọ́ sì wà nínú èdè títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onísílébù kan tí fáwẹ̀lì wọn jẹ́ "kúkúrú" lójú olùkọ́. "Bed" di bẹ́ẹ̀dì. "Bus" di bọ́ọ̀sì. "Bag" di báàgì, "book" di búùkù, "film" sì di fíìmù. Gbogbo wọn pátá ni ó gùn nínú Yorùbá. Ẹ wá wo "teacher" àti "leader", tí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ wọn jẹ́ "gígùn" tí kò ṣeé jiyàn: tíṣà àti lídà ni Yorùbá sọ wọ́n dà, kúkúrú ni wọ́n sì wà. Ohun tí olùkọ́ pè ní kúkúrú ni èdè rẹ̀ fà gùn. Èyí tí ó pè ní gígùn ni èdè rẹ̀ gé kù.

Èyí kì í ṣe ìdàrúdàpọ̀. Ohùn ni Yorùbá ń gbọ́. Bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá dá ọ̀rọ̀ onísílébù kan pè, ohùn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ lókè, a sì wálẹ̀ kí ó tó parí. Etí Yorùbá gbọ́ ohùn òkè tí ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Ohùn méjì sì ń fẹ́ ilé méjì, ni fáwẹ̀lì bá di méjì: bẹ́ẹ̀dì, fíìmù. Ní ti "teacher", sílébù méjì ti wà nílẹ̀. Ọ̀kan gba ohùn òkè, èkejì gba ti ìsàlẹ̀, kò sì sí ìdí láti fi fáwẹ̀lì kan kún un. "Brick" fi èyí hàn kedere sí i. Fáwẹ̀lì "film" gan-an ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti bí fáwẹ̀lì mìíràn, ó sì di bíríkì, tí kò sí ìfàgùn kankan nínú rẹ̀. Fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó gùn nínú fíìmù tí ó sì kúrú nínú bíríkì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Yorùbá ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fìgbà kan lo gígùn láti fi ya "sit" sọ́tọ̀ kúrò lára "seat". Ó yani lẹ́nu pé irinṣẹ́ tí èdè náà kọ̀ yìí gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ yàn láti fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun tí Yorùbá gbọ́ dáadáa ni àwọ̀ fáwẹ̀lì. "Bed" kò di béèdì láéláé, bẹ́ẹ̀ ni "gate" kò di gẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀dì àti géètì ni wọ́n, bí wọn ò tilẹ̀ fi ìdí ìyàtọ̀ wọn han ẹnikẹ́ni. Fáwẹ̀lì "bed" náà sì wà lára àwọn tí ìwé ń pè ní kúkúrú! Síbẹ̀, kò sí ọmọ Ekinrin-Adde tí ó ń jìyà lórí "bed" tàbí "pen" nínú kíláàsì, nítorí pé ẹ ti ní àga tirẹ̀ nínú èdè rẹ̀, àga náà kò sì jìnnà sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ "kúkúrú" kò ràn án lọ́wọ́ lórí "bed", kò sì dí i lọ́wọ́. Orí "sit" ni àìlera ọ̀rọ̀ náà ti wá hàn, nítorí pé níbẹ̀ ni àga ti ṣófo.

Àwọn aládùúgbò tí ó ní ìró náà

Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Nínú wọn, e àti ẹ jẹ́ méjì-méjì, o àti ọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e ju ẹnu lílà lọ: gbòǹgbò ahọ́n, tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nínú ọ̀nà ọ̀fun, a sún síwájú fún e, a sì padà sẹ́yìn fún ẹ. Àǹkóò fáwẹ̀lì, tí kì í jẹ́ kí e àti ẹ jọ gbé inú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kan náà, dúró lórí ìyàtọ̀ yìí. Àmọ́ i àti u kò ní ẹnìkejì. Ilé àti ilẹ̀ ní i kan náà nínú àkọtọ́, i náà sì ń bá e àti ẹ gbé láìsí ìjà.

Bí èdè kan bá fún i àti u ní ẹnìkejì, fáwẹ̀lì rẹ̀ a di mẹ́sàn-án, àwọn ẹnìkejì náà sì ni ɪ àti ʊ. Bí ẹ ti rí sí e ni ɪ rí sí i. Fáwẹ̀lì "sit" nìyẹn, tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó sì wà nínú Yorùbá. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, tí Ekinrin-Adde wà nínú rẹ̀, bá ìpínlẹ̀ Èkìtì pààlà; ní Èkìtì, ilé ni ulé, ilẹ̀ sì ni ʊlẹ̀, fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ inú ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìjẹ̀ṣà náà mọ irú ìyàtọ̀ yìí. Marek Przezdziecki, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní Yunifásítì Cornell ní 2005, fi Yorùbá àjùmọ̀lò, Mọ̀bà àti Àkúrẹ́ wé ara wọn, ó sì fi hàn pé ní Àkúrẹ́ àwọn fáwẹ̀lì àhánupè náà ń bá fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé wọn ṣe àǹkóò: i tí ó ṣáájú ẹ tàbí ọ a di ɪ. Ará Àkúrẹ́ tí ó ń pe ìró "sit" láti ìgbà ọmọdé lè dé ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n sì sọ fún un pé ìró àjèjì ni, pé kí ó gé i kù kí ó lè rí i pè.

Ilẹ̀ Òkun tún ní àǹfààní mìíràn tí Àkúrẹ́ kò ní. Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, tí ìkíni "òkun" so pọ̀ di orúkọ kan, wà ní Àgbègbè Kàbà lábẹ́ ìjọba Àríwá nígbà amúnisìn. Wọ́n wà ní Kwara lẹ́yìn 1967, wọ́n sì bọ́ sí Kogi ní 1991. Ìtàn yìí ni wọ́n sábà máa ń sọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìyapa kúrò lára Yorùbá yòókù, àròyé inú rẹ̀ kò sì kéré. Ní ti ìró, ó jẹ́ ìtàn ọrọ̀. Ebira, tí Òkéné jẹ́ olórí ìlú wọn, tí àwọn àgbẹ̀ wọn sì ti pẹ́ ní ilẹ̀ Òkun, ní fáwẹ̀lì mẹ́sàn-án nínú èdè wọn, ɪ àti ʊ wà níbẹ̀, àǹkóò sì ń darí gbogbo wọn. Ọlanikẹ Ọla Orie ti fi àǹkóò Ebira wé ti Yorùbá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èdè Hausa ń fi gígùn ya fáwẹ̀lì sọ́tọ̀ ní tòótọ́: márùn-ún kúkúrú, márùn-ún gígùn. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ Hausa mọ ohun tí kúkúrú àti gígùn jẹ́ láìsí pé ohùn dà á láàmú. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Kàbà ti gbọ́ ìró tí wọ́n ń wá fún un nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì wà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé òun nìyẹn.

Lẹ́nu olùkọ́, létí akẹ́kọ̀ọ́

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni olùkọ́ lè ṣe? Kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà "kúkúrú" sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ ọ̀gá. Kí wọ́n pe e, kí wọ́n pe ẹ, léraléra, kí wọ́n fi ọwọ́ kan ọrùn lábẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n fura sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá lè ṣe èyí láìronú. Lẹ́yìn náà ni kí ó ní kí wọ́n pe i, kí wọ́n sì gbìyànjú láti ṣe ohun kan náà sí i: kí wọ́n dẹ ahọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń kúrò lórí e lọ sórí ẹ, láìjẹ́ kí ẹnu là púpọ̀. Ìró tí yóò jáde lè kọ́kọ́ dà bí i tí ó rẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n ń wá.

Ewu kan wà lójú ọ̀nà yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún. Ní ti gíga ahọ́n, ɪ àti e fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aládùúgbò ara wọn. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé ahọ́n wà níwájú pátápátá fún e, ó sì ti rọra sún wọ àárín fún ɪ. Bí olùkọ́ bá kàn ní kí àwọn ọmọ la ẹnu sí i, e ni wọn yóò pè. "Sit" yóò wá dún bí ìbẹ̀rẹ̀ "Satan", ìyẹn kò sì sàn ju "seat" lọ. Ìdẹ̀ra ahọ́n ni kí ó tẹnu mọ́.

Lójú pátákó, àmì tí ó yẹ jù kò jìnnà. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àkọtọ́ Yorùbá ti ń fi àmì abẹ́ lẹ́tà sọ fún òǹkàwé pé ẹ kì í ṣe e. Àwọn Igbo, nínú àkọtọ́ Ọ́nwụ́ ti 1961, mú ọgbọ́n yìí dé orí i àti u: ị àti ụ ni wọ́n ń kọ fún àwọn fáwẹ̀lì tí gbòǹgbò ahọ́n wọn padà sẹ́yìn. Olùkọ́ ní Ekinrin-Adde tí ó bá kọ "sịt" àti "sit" sí ojú pátákó fún ìdánrawò, tí ó sì sọ pé àmì yìí ń ṣe ohun tí ó ń ṣe lábẹ́ e, ti sọ òtítọ́ fónọ́lọ́jì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ju èyí tí àmì ìfàgùn ti ń sọ láti 1917. Kì í ṣe ohun tí wọn yóò kọ sínú ìwé ìdánwò, ó sì yẹ kí ó sọ ìyẹn náà fún wọn.

Gbígbọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú pípè. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ojú, kí olùkọ́ pe ọ̀kan nínú "live" àti "leave", tàbí "fill" àti "feel", kí wọ́n sì fi ìka sọ èwo ni. Kí olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fa "live" gùn, kí ó sì gé "leave" kù, kí ó má baà jẹ́ pé gígùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Apá ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, òun sì ni kì í sí nínú ìwé. Bí ẹnu olùkọ́ kò bá dá a lójú, àwọn ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń pe ọ̀rọ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdánwò kan tún wà tí ó jẹ́ ti ìmọ̀ Yorùbá pátápátá, tí fóònù lásán sì tó fún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan pe ilé àti ilẹ̀ ní ohùn ìlú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí wọ́n sì fi Praat, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, wọn fọ́máǹtì àkọ́kọ́ nínú i méjèèjì. Bí iye ti ilẹ̀ bá ń ga ju ti ilé lọ léraléra, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń rin ọ̀nà ɪ láti ilé rẹ̀ wá, iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ ni láti fi hàn án. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, wọ́n ti mọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá àkòrí fún oyè kejì lè ṣe é ní Ekinrin-Adde, ní Kàbà àti ní Mọ́pà láàárín oṣù mélòó kan.

Ìdánwò tí kò gbọ́ ohùn

Àwọn kan yóò béèrè bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n yọ ọmọ lẹ́nu lórí èyí. Ìbéèrè gidi ni. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ti ní ìpè tirẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sọ ọ́ kò sì ya "sit" sọ́tọ̀ kúrò lára "seat", wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ àwàdà nípa ẹni tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó wá ní òun ń wá àgùntàn kì í ṣẹlẹ̀ níbi kankan àfi nínú ìwé. Kò sí àléébù nínú ìpè yìí, olùkọ́ tí ó bá fi í ṣe ọmọ yẹ̀yẹ́ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kò gba èyí. Àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ní ìwé kẹta nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì oníwèé mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní Test of Orals. Ní Ghana, ní Sierra Leone àti ní Gambia, ìtẹ́tísílẹ̀ ni wọ́n fi ń dán àwọn ọmọ wò níbẹ̀: wọ́n á gbọ́ ohùn, wọ́n á sì dáhùn. Ní Nàìjíríà àti Liberia, ìbéèrè 60 ni, ní ìṣẹ́jú 45, lórí ìwé, pẹ̀lú ìdáhùn tí wọ́n ti tò sílẹ̀ láti yàn. Kò sí ẹni tí ó pe ohunkóhun, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ohunkóhun. Ọmọ Ekinrin-Adde lè gba máàkì gbogbo lórí ɪ láìpè é rí, ó sì lè pè é bí ẹni tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó pàdánù máàkì náà.

Ohun tí irú ìdánwò yìí bí ni ẹ̀kọ́ tí ó ń tẹ̀ lé lẹ́tà: "ee" àti "ea" jẹ́ gígùn, "i" jẹ́ kúkúrú, kí wọ́n há a sórí. Àwọn tí ó ń ṣe ìbéèrè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń dẹ pańpẹ́ sí. Fáwẹ̀lì "sit" ni ó wà nínú "busy", tí wọ́n fi u kọ. Òun ni ó wà nínú sílébù àkọ́kọ́ "women", tí wọ́n fi o kọ. Òun ni ti "build", òun ni ti "pretty", òun náà ni ó gbẹ̀yìn "village" tí lẹ́tà a bò mọ́lẹ̀. "Police" àti "machine" ń fi i kọ, fáwẹ̀lì "seat" sì ni ó wà nínú wọn. Ọmọ tí ó ń tẹ̀ lé lẹ́tà yóò ṣubú ní gbogbo wọn. Èyí tí etí rẹ̀ mọ ìró méjèèjì yóò kàn pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá e tàbí ẹ ni ó yẹ kí òun kọ, yóò sì yan ìdáhùn. Kò sì ní ṣòro fún un nígbà tí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí òkè ìwé ìbéèrè náà gan-an: "English", tí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ E, tí ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ɪ.